Kí Ẹni Tó Wọ Ìkànnì Yín Lè Tètè Mọ Èyí Tó Máa Rà

Ohun tí àwọn oníṣòwò máa ń kọ́kọ́ sọ fún mi tí wọ́n bá fẹ́ kí n kọ́ ìkànnì fún wọn ni pé, "Kó gbogbo ẹ̀ síwájú, kí wọ́n rí i pé ọjà ń bẹ." Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́jà, ìsọ̀ tó kún ni èrò máa ń yà sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wo ìkànnì yín kò dúró níwájú ìsọ̀ o. Inú dáńfó ló wà, fóònù wà lọ́wọ́ kan, ó fi ọwọ́ kejì di irin mú, dátà rẹ̀ sì ń lọ. Tí ojúewé yín bá bi í ní ìbéèrè mẹ́wàá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní dáhùn ìkankan. Á padà sí Instagram.

Iṣẹ́ mi ni kíkọ́ ìkànnì fún àwọn oníṣòwò kéékèèké. Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn ni wọ́n pọ̀ sí: aláṣọ, alásè, oníléèwé, àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò. Ìkànnì kan ṣoṣo ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ níbí, ti màmá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Bó bá ṣe sìmẹ́ǹtì lẹ̀ ń tà, ọ̀nà kan náà ni.

Bí mo ṣe bá ojúewé náà rèé. Lókè pátápátá, fọ́tò márùn-ún ń yí síra wọn. Kí èèyàn tó ka ohun tí wọ́n kọ sára àkọ́kọ́, ìkejì ti gorí rẹ̀. Ìkíni káàbọ̀ onípínrọ̀ mẹ́ta ló tẹ̀ lé e, "ilé àdìrẹ tó gbayì jù lọ lágbàáyé" ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Nǹkan mọ́kànlá ló wà nínú mẹ́nù. Bọ́tìnì mẹ́ta tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, pupa ni gbogbo wọn: "Shop Now", "Learn More", "Contact Us". Tí èèyàn bá wá ní sùúrù, tó fa ojúewé náà lọ sísàlẹ̀, àdìrẹ tó lé ní ọgọ́rin ló máa bá níbẹ̀, oríṣiríṣi rẹ̀, ẹlẹ́kọ, oníko, alábẹ́rẹ́ àti kàm̀pálà, gbogbo wọn dà pọ̀ mọ́ra. Kò sí iye owó lára ọ̀kan. "Call for price" ló wà lábẹ́ kálukú.

Ọmọ màmá náà tó ń bójú tó Instagram wọn ní àwọn èèyàn ń wọlé dáadáa. Wọ́n kàn ń jáde lófìfo ni.

Ẹ kọ gbólóhùn kan sórí ìwé

Ẹ má tíì ṣí kọ̀ǹpútà. Ẹ mú bírò, kí ẹ kọ ohun kan ṣoṣo tí ẹ fẹ́ kí ẹni tó wọlé ṣe kó tó jáde. Ohun kan o. Tiwa lọ báyìí: "Kó yan aṣọ kan, kó sì béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wa lórí WhatsApp." A ò kọ "kó mọ̀ wá", a ò sì kọ "kó fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́ wa". Ìyẹn náà dáa, àmọ́ kò sí bí a ṣe máa mọ̀ bóyá ó ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá wọlé sórí WhatsApp, a lè kà á.

Gbólóhùn yẹn ló máa dájọ́ fún gbogbo ohun tó wà lójúewé àkọ́kọ́. Ẹ mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ béèrè bóyá ó ń ran ẹni tó fẹ́ yan aṣọ lọ́wọ́. Fọ́tò ọjọ́ tí olóṣèlú kan yà sí ìsọ̀? Rárá. Ọ̀rọ̀ ìwúrí tí wọ́n kọ sínú àwọsánmà aláwọ̀ osùn? Ẹ jọ̀ọ́. Ìtàn bí ìyá ìyá wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ aró? Ìyẹn dùn mọ́ mi gan-an, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà kọ́ ni ibi tó yẹ ká ti máa pa á. A fún un ní ojúewé tirẹ̀, "Ìtàn Wa", ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ á wá a débẹ̀.

Ẹ lọ jókòó ti ẹni tó ń tà á

Ibí ni mo máa ń pẹ́ sí jù. Mo lọ jókòó sí ìsọ̀ màmá náà, mo ń wò wọ́n. Bí oníbàárà bá wọlé, màmá kì í tú gbogbo ẹrù sílẹ̀ fún un. Á kí i, á sì béèrè, "Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" Tí wọ́n bá ní aṣọ ẹbí ni, á tún béèrè, "Ẹ tó mélòó? Ọjọ́ wo ni òde náà?" Lẹ́yìn náà ló tó máa fa aṣọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin yọ, á tẹ́ wọn sórí tábìlì, á wá fọwọ́ lé ọ̀kan: "Èyí ni wọ́n máa ń mú jù fún ìgbéyàwó." Ọ̀pọ̀ ìgbà, èyí tó fọwọ́ lé yẹn ni wọ́n ń rà. Àwọn yòókù wà nílé, wọn ò sá lọ. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ rí sí i, wọ́n á kó o jáde fún un.

Gbogbo ohun tí màmá náà mọ̀ nípa ọjà títà, ìkànnì rẹ̀ ò mọ ìkankan nínú rẹ̀. Ó kó ọgọ́rin aṣọ lu àlejò lójú, kò bi í ní nǹkan kan, kò sì gbà á nímọ̀ràn.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ẹnu màmá gan-an la kọ sókè ojúewé tuntun: "Kí lẹ fẹ́ fi aṣọ náà ṣe?" Ohun mẹ́rin ló wà lábẹ́ rẹ̀ tí èèyàn lè tẹ̀. "Aṣọ ẹbí, láti èèyàn mẹ́wàá sókè." "Aṣọ tèmi nìkan." "Aṣọ ilé: tábìlì, ibùsùn, fèrèsé." Ìkẹrin ni "Ẹ jẹ́ kí n wo gbogbo rẹ̀", ẹ má ṣe yọ ìyẹn o, torí àwọn kan wà tó mọ ohun tí wọ́n ń wá, inú sì máa ń bí wọn tí ẹ bá ń darí wọn bí ọmọdé. Ẹni tó bá tẹ "Aṣọ ẹbí" máa rí aṣọ mẹ́rin tí màmá yàn fúnra rẹ̀, a kọ "èyí ni wọ́n ń mú jù" sára ọ̀kan, òótọ́ ni a sì kọ. Ìsàlẹ̀ wọn ni "Wo àwọn yòókù" wà.

Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń bá yín kọ́ ìkànnì fi "Featured Collections" dí àyè yẹn. Kò sí oníbàárà tó wọ ọjà Ìtòkú tó béèrè "collection". Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń béèrè ọjà lọ́wọ́ yín ni kí ẹ kọ.

Àwọn tó ti wá físà Ìlú Ọba ti bá irú ètò yìí pàdé. GOV.UK, ìkànnì ìjọba wọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lóṣù kẹwàá ọdún 2012, ní ibi tí èèyàn ti lè wò ó bóyá òun nílò físà. Ohun tó kọ́kọ́ máa béèrè ni ìwé ìrìnnà orílẹ̀-èdè wo lẹ ní. Ó tán. Ẹ dáhùn, ẹ tẹ̀ síwájú, ó wá béèrè ohun tí ẹ ń bọ̀ wá ṣe. Òfin ìwọ̀lú wọn pọ̀ débi pé àwọn lọ́yà ń fi jẹun, síbẹ̀ ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń wà lójú èèyàn lẹ́ẹ̀kan. A lè má fẹ́ràn èsì tó ń ti ibẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kì í rú wa lójú.

Mélòó ni kó wà lójú lẹ́ẹ̀kan?

Lórí èyí, ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta ìmọ̀ràn. Wọ́n fẹ́ràn láti máa sọ ìtàn jáàmù. Ní ọdún 2000, Sheena Iyengar àti Mark Lepper gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní ilé ìtajà kan ní California. Nígbà mìíràn, wọ́n to oríṣi jáàmù 24 sórí tábìlì. Nígbà mìíràn, mẹ́fà péré. Tábìlì onímẹ́rìnlélógún fa èrò, ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń kọjá ló dúró, nígbà tó jẹ́ pé ìdá 40 ló dúró níbi tábìlì onímẹ́fà. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tó dúró, ìdá 3 ló ra jáàmù nínú àwọn ti mẹ́rìnlélógún, nǹkan bí ìdá 30 ló rà nínú àwọn ti mẹ́fà. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́ débẹ̀, wọ́n á ní ẹ lọ gé ọjà yín kù.

Wọn kì í sọ ìyókù. Ní ọdún 2010, Benjamin Scheibehenne àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìdánwò bí àádọ́ta jọ lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Nígbà tí wọ́n pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ ọjà ń ṣe fún ìpinnu èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ máà sí: níbì kan ó ṣe ìdíwọ́, níbì kan ó ṣèrànwọ́. Lọ́dún 2015, Alexander Chernev àti àwọn tí wọ́n jọ ṣe é wá tú u síwájú sí i. Ọ̀pọ̀ ọjà máa ń da èèyàn rú nígbà tí àwọn ọjà náà bá ṣòro láti fi wé ara wọn, nígbà tí ìpinnu náà fúnra rẹ̀ bá le, àti nígbà tí ẹni tó fẹ́ rà ò bá tíì mọ ohun tí ọkàn òun fẹ́.

Ẹ wá wo àlejò tó wọ ìkànnì màmá wa. Kò mọ ìyàtọ̀ ẹlẹ́kọ sí alábẹ́rẹ́, kò rí iye owó tó lè fi wọ́n wéra, kò sì tíì mọ èyí tó fẹ́. Òun gan-an ni ìwádìí yẹn ń bá wí. Torí náà, a ò yọ aṣọ kan kúrò nínú ọgọ́rin. Títò la tò ó, a sì jẹ́ kí wọ́n ṣeé fi wéra.

Ọ̀rọ̀ "mẹ́nù ò gbọ́dọ̀ ju méje lọ" tí ẹ tún máa ń gbọ́, ẹ gbàgbé ẹ̀. Ọ̀dọ̀ George Miller, onímọ̀ nípa ìrònú èèyàn, ni wọ́n ti fà á, láti inú ohun tó kọ lọ́dún 1956, iye nǹkan tí ọpọlọ lè dì mú lẹ́ẹ̀kan náà ló sì ń sọ. Mẹ́nù wà lójú èèyàn, kò há a sórí. Tiwa wá di mẹ́rin torí pé ohun mẹ́rin ló kù lẹ́yìn tí a dájọ́ tán: Aṣọ, Bí a ṣe ń fi ránṣẹ́, Ìtàn Wa, Kàn sí wa. Ká ní mẹ́sàn-án ló kù, mẹ́sàn-án ni à bá kọ.

Ẹ kọ iye owó

Ohun tó ń dá oníbàárà dúró jù lórí ìkànnì wa nílẹ̀ yìí kì í ṣe àwọ̀, kì í sì í ṣe bí lẹ́tà ṣe rí. Iye owó tí wọn ò kọ ni. Àwọn kan gbà pé tí àwọn bá yọ ọ́, ojúewé á mọ́ tónítóní. Irọ́ gbáà. Iṣẹ́ yín lẹ gbé lé àlejò lórí yẹn: ó gbọ́dọ̀ pè yín, kó máa gbọ́ orin títí ẹ ó fi gbé e, kó gbọ́ iye kan tó ju agbára rẹ̀ lọ, kó wá máa wá bó ṣe máa fi ọ̀wọ̀ gé fóònù. Ọ̀pọ̀ ò ní bẹ̀rẹ̀ rárá. Lójú tèmi, ojúewé rúdurùdu tó ní iye owó sàn ju èyí tó mọ́ tí kò ní lọ.

Màmá ò kọ́kọ́ gbà. "Ọmọ mi, tí mo bá kọ ọ́ síbẹ̀, ṣebí àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi á rí i?" Mo ní, "Mà, wọ́n ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ọmọ iṣẹ́ yín àti ọmọ iṣẹ́ wọn jọ ń jẹun ni." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ohun kejì tí wọ́n sọ ló lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: owó aṣọ funfun àti owó kẹ́míkà aró ò dúró sójú kan, a lè kọ iye kan lónìí kó di gbèsè lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìyẹn ní ojútùú. A kọ ọ́ sábẹ́ iye owó pé "Owó yìí dúró títí di ìparí oṣù", a sì fi orúkọ oṣù náà sí i. Ọmọ rẹ̀ ló ń pààrọ̀ rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ kìíní oṣù. Iṣẹ́ tí ẹ ò bá lè dá owó lé ṣáájú, irú bí aṣọ tí oníbàárà fẹ́ kí wọ́n ya orúkọ ìdílé sí, ẹ kọ "láti iye báyìí sókè". Ẹni tí agbára rẹ̀ ò ká a á mọ̀, ẹni tó ká á pè.

Ti ìnájà ńkọ́? Wọ́n á nájà, ẹ kọ owó ẹ ò kọ owó. A wá sọ ọ́ di òfin tó hàn sójú: aṣọ mẹ́wàá sókè, owó ọ̀kọ̀ọ̀kan wálẹ̀ sí báyìí, ogún sókè, ó wálẹ̀ sí báyìí. Ó dín àríyànjiyàn kù, àwọn tó fẹ́ mú mẹ́jọ sì ń sọ ọ́ di mẹ́wàá.

Bí aṣọ kan ṣe rí tẹ́lẹ̀ nìyí: fọ́tò, lẹ́yìn náà "Premium Luxury Adire 07", lẹ́yìn náà "Call for price". Bó ṣe rí báyìí nìyí, ẹ jẹ́ ká fi ₦30,000 dípò iye tí màmá ń tà á:

Ìbàdàndùn, àdìrẹ ẹlẹ́kọ
Yáàdì márùn-ún, òwú gidi
₦30,000 (owó yìí dúró títí di ìparí oṣù)
Aró rẹ̀ máa ń bọ́ díẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀.
Ó wà nílẹ̀. Á kúrò lọ́dọ̀ wa láàárín ọjọ́ méjì.

Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Síbẹ̀ òun ló rọrùn jù, torí kò sí ìbéèrè tó kù lẹ́nu oníbàárà. Orúkọ náà sì ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Òpó gbọ̀ngàn Mápó wà nínú iṣẹ́ ọnà Ìbàdàndùn, ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbọ́ ọ rí, ẹni tó bá sì fẹ́ rà á lè pe ọkọ rẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó ní, "Ìbàdàndùn yẹn ni mo fẹ́." Ta ló máa pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ pé 07 lòun fẹ́?

Bọ́tìnì kan, iṣẹ́ kan

Ẹ yan àwọ̀ kan tí ẹ ó máa fi ṣe bọ́tìnì tó ṣe pàtàkì jù, kí ẹ má sì fi àwọ̀ náà ṣe nǹkan mìíràn. Tiwa jẹ́ búlúù dúdú bíi ti aró ẹlú, lẹ́tà funfun ló wà nínú rẹ̀. WCAG, ìlànà tí gbogbo ayé ń tẹ̀ lé kí ìkànnì lè rọrùn fún gbogbo èèyàn láti lò, títí kan àwọn tí ojú wọn ò ríran dáadáa, ní ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ láàárín lẹ́tà kéékèèké àti ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó 4.5 sí 1. Búlúù dúdú àti funfun kọjá ìyẹn dáadáa. Ìyẹ́lò lórí funfun ò kọjá, ẹ yé lò ó. Kí bọ́tìnì náà tóbi tó àtàǹpàkò: Google ní kó tó 48 dp, Apple ní kó tó 44 pt (dp àti pt ni ẹyọ tí àwọn tó ń ṣe áàpù fi ń wọn nǹkan lójú fóònù).

Ọ̀rọ̀ inú bọ́tìnì ni kó sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. "Tẹ ibí" ò sọ nǹkan kan. "Béèrè aṣọ yìí lórí WhatsApp" sọ ọ́ tán. Líǹkì rẹ̀ ò le láti ṣe. Ẹ kọ wa.me/, kí ẹ kọ 234 tẹ̀ lé e, kí ẹ wá kọ nọ́ńbà yín láìsí òdo iwájú rẹ̀ àti láìsí àmì àròpọ̀. Ẹ fi ?text= sí i, lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ kó ti wà níbẹ̀ fún oníbàárà, kí ẹ fi %20 dípò àlàfo. Báyìí:

wa.me/234XXXXXXXXXX?text=E%20nle%20o,%20mo%20fe%20Ibadandun%20yaadi%20marun

Aṣọ kọ̀ọ̀kan ní líǹkì tirẹ̀. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ á bá ọ̀rọ̀ náà nínú WhatsApp rẹ̀, kó kàn fi ránṣẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ tó máa ń wọlé fún màmá tẹ́lẹ̀ ni "Hello, how much?", tí òun náà á máa béèrè "Èwo nínú ẹ̀?" Ìyẹn ti tán. A ju fọ́ọ̀mù oníhò mẹ́jọ tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ nù, torí àdírẹ́sì ilé ò kan ẹni tó ṣì ń béèrè bóyá aṣọ wà.

Ohun tí mo yọ láìbá ẹnikẹ́ni jiyàn: orin tó ń ṣí fúnra rẹ̀, òǹkà àwọn àlejò, pop-up, àpótí tó ń yọ bo ojúewé, tó ń béèrè ímeèlì kí èèyàn tó rí nǹkan kan, lẹ́tà tó ń fò láti ọ̀tún wá sósì. Fọ́tò tó ń yí síra wọn náà lọ. Ìlànà WCAG kan náà ní ohun tó bá ń dá rìn lójúewé fún ju ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún lọ gbọ́dọ̀ ní ibi tí èèyàn lè tẹ̀ dá a dúró, kò sì sí nínú gbogbo àwọn tí mo ti bá pàdé tó ní in. Fọ́tò kan tó dúró jẹ́ẹ́, tí ojú aró rẹ̀ hàn kedere, ló rọ́pò wọn.

Ohun tí ẹ ò gbọ́dọ̀ gé

Ẹ má fi ọ̀bẹ kan ohun tó ń fi hàn pé ẹ kì í ṣe gbájúẹ̀. Àwọn ìwé tí wọ́n ń kọ nílẹ̀ òkèèrè lórí bí ojúewé ṣe máa rọrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ èyí, torí ẹni tó ń ra nǹkan lọ́dọ̀ wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ rò ó pé owó òun lè wọlé kí ẹni tó gbà á pa fóònù. Lọ́dọ̀ tiwa, ìbéèrè yẹn ló ṣáájú "ṣé ó wù mí?"

Nítorí náà, àdírẹ́sì ìsọ̀ wà lábẹ́ gbogbo ojúewé, a kọ ọ́ bí ẹni tó ń júwe ọ̀nà fún èèyàn, pẹ̀lú ilé ìtàjà tó kọjú sí wọn. Fọ́tò màmá fúnra rẹ̀ nínú ìsọ̀ wà níbẹ̀, kì í ṣe ti òyìnbó tó ń rẹ́rìn-ín tí wọ́n rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà tí wọ́n fi forúkọ iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC náà wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àkáǹtì ló wá ṣe pàtàkì jù, kékeré ló sì jọ lójú. Bí èèyàn bá tẹ nọ́ńbà àkáǹtì ẹlẹ́yọ mẹ́wàá sínú áàpù báńkì rẹ̀, orúkọ ẹni tó ni ín máa jáde kó tó san án. Tí orúkọ iṣẹ́ yín lórí ìkànnì bá jẹ́ nǹkan kan, tí orúkọ ọmọkùnrin kan tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ rí wá jáde, ọwọ́ á dúró lórí fóònù. Ẹ ṣí àkáǹtì lórúkọ iṣẹ́. Bí ẹ ò bá tíì ṣí i, ẹ kọ ọ́ sójúewé ṣáájú: "Orúkọ tí ẹ máa rí ni ti Màmá Lágbájá, òun ló ni ìsọ̀ yìí." Gbólóhùn kan péré.

Iye owó wébíìlì náà ò gbọ́dọ̀ fara sin. A kọ Èkó, Ìbàdàn, Àbújá, Port Harcourt àti iye ọjọ́ tí kálukú ń gbà. Ẹni tó wà ní London tàbí Houston ní ìlà tirẹ̀, torí àwọn aṣọ ẹbí tó ń lọ sókè òkun kì í ṣe díẹ̀.

Ìwúwo

Fọ́tò tí fóònù ń yà lóde òní lè tó mẹ́gábáìtì mẹ́rin. Ẹ fi ogún irú rẹ̀ sójúewé kan, ẹ ti jẹ dátà àlejò tán kó tó rí bọ́tìnì. Ẹ sọ wọ́n di WebP, irú fáìlì fọ́tò tó fúyẹ́, kí ẹ dín fífẹ̀ wọn kù. Mi ò kì í jẹ́ kí ọ̀kan ju 150 KB lọ. PageSpeed Insights, ohun tí Google fi ń yẹ ìyára ojúewé wò, ò gba kọ́bọ̀, ó sì máa sọ ohun tó wúwo fún yín. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni pé kí nǹkan tó tóbi jù lójúewé jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2.5.

Ẹ yẹ fọ́ńtì, ìyẹn irú lẹ́tà tí ẹ fi kọ ọ́, wò náà. Àwọn fọ́ńtì kan ń ju àmì orí ọ̀rọ̀ wa síbi tí kò yẹ, tàbí kí wọ́n fi àpótí òfìfo dípò rẹ̀. Ẹ tẹ "Ọ̀ṣọ́ ẹ̀yẹ" sínú rẹ̀ kí ẹ tó yàn án. Noto Sans kì í já mi kulẹ̀.

Ẹ gbé fóònù fún ẹni tí kò mọ̀ nípa ẹ̀

Jakob Nielsen, onímọ̀ nípa bí èèyàn ṣe ń lo ìkànnì, kọ ọ́ lọ́dún 2000 pé tí ẹ bá wo èèyàn márùn-ún bí wọ́n ṣe ń lo ìkànnì kan, ẹ ó ti rí èyí tó pọ̀ jù nínú àléébù rẹ̀. Ẹ má pe ọ̀rẹ́ yín tó ń ṣe kọ̀ǹpútà. Ẹ pe aládùúgbò, ẹ gbé fóònù fún un, kí ẹ ní, "Ọmọ yín ń ṣègbéyàwó, ẹ wá aṣọ fún ẹbí." Lẹ́yìn náà, ẹ panu mọ́. Èyí le o, torí ẹnu á máa yún yín láti ní "rárá, òkè yẹn ni". Ẹ máa wo ìka rẹ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo gbé e fún ń ta búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ màmá. Ó rí Ìbàdàndùn, ó fẹ́ràn rẹ̀, ó tẹ fọ́tò náà. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó gbójú sókè wò mí, ó ní, "Ó ti há." Bọ́tìnì búlúù ńlá wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, kò tiẹ̀ wò ó. Lójú rẹ̀, aṣọ tó wù ú ni èèyàn ń fọwọ́ kàn, ó sì tọ̀nà. Fọ́tò, orúkọ àti iye owó, gbogbo rẹ̀ ló ṣeé tẹ̀ báyìí, ibì kan náà ni wọ́n ń gbé èèyàn lọ.

Bí ẹ bá ti parí gbogbo èyí, ìṣòro tó kù ni ẹni tó ni iṣẹ́. Oṣù mẹ́ta ò ní pé tí nǹkan á tún fi bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé: àsíá ọdún Iléyá, ìkíni ọdún tuntun, àmì-ẹ̀yẹ tí ẹgbẹ́ kan fún wọn. Àdéhùn tí èmi àti màmá ṣe ni pé ohunkóhun tó bá fẹ́ wọ ojúewé àkọ́kọ́, ọ̀kan ní láti jáde fún un. Ọmọ rẹ̀ pè mí láìpẹ́ yìí pé ẹgbẹ́ àwọn aláṣọ fẹ́ kí fọ́tò ìpàdé wọn wà lókè. Mo ní kò burú, èwo ni ká yọ? Ó ní òun á bi màmá. Kò tíì pè padà.